Ọjọ́rú Ni Kí O Máa Ṣọ́ra Fún

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ojú ọ̀nà ni mo wà nígbà tí o pè mí lọ́jọ́sí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀. O ní o fẹ́ máa gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ síbi iṣẹ́, ọkà bí ìrẹsì àti ẹ̀wà, tí kò ní ẹran nínú, kí o sì ti sè é sílẹ̀ ní òpin ọ̀sẹ̀. O ní o ti dán an wò lẹ́ẹ̀mejì, àmọ́ tó bá fi máa di Ọjọ́rú, ó ti sú ọ, ìyókù a sì di dídànù. Ọjọ́rú yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Kì í ṣe pé o ò mọ oúnjẹ sè. Abọ́ márùn-ún tó jọra bí ìbejì lo ń dì, o wá ń retí kí ẹnu rẹ gbà á fún ọjọ́ márùn-ún.

Èmi kì í se oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Mo ń se ìrẹsì lọ́tọ̀, mo ń se ẹ̀wà lọ́tọ̀, n kì í fi nǹkan kan sí wọn ju iyọ̀ lọ, wọn ò sì gbọdọ̀ pàdé títí di àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ jẹ wọ́n. Ohun tí yóò mú wọn dùn wà nínú ìgò kékeré, nínú firíìjì.

Ẹ̀wà ló máa ń jẹ àkókò, òun ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Ní alẹ́ Àbámẹ́ta, ṣa òkúta inú rẹ̀, ṣàn án, kí o da omi tó pọ̀ lé e lórí, torí yóò wú. Ní àárọ̀ Àìkú, da omi yẹn nù, fi omi mìíràn sè é. Lára ṣúgà inú ẹ̀wà tó máa ń kó afẹ́fẹ́ síni níkùn ti jáde sínú omi àkọ́kọ́ yẹn. Má fi tòmátì tàbí omi lẹ́mọ́ọ̀nù sí i kó tó rọ̀ o. Nǹkan kíkan kì í jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀, o lè máa dáná títí kó ṣì máa le. Iyọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń dá lẹ́bi, iyọ̀ kò ṣẹ̀ wọ́n. Tó o bá rò pé ó ti jinná, mú hóró márùn-ún káàkiri ìkòkò, má mú ẹyọ kan, kí o fi àtàǹpàkò tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Kí gbogbo wọn fọ́ láìsí ibi tó le láàárín. Mo ti rí ìkòkò tí ẹyọ kan ti rọ̀ bí ògì tí èkejì ṣì ń ta sí eyín.

Bó bá jẹ́ ẹ̀wà pupa ńlá tó rí bíi kíndìnrín lo rà, gbọ́ èyí dáadáa. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ ní tútù, tó máa ń múni bì tó sì máa ń yí inú ẹni po. Omi híhó ló ń ṣẹ́gun rẹ̀. Rẹ ẹ́ fún wákàtí 5 ó kéré tán, da omi rẹ̀ nù, kí o jẹ́ kó hó dáadáa fún ìṣẹ́jú 30 kí o tó dín iná kù. Ìkòkò iná mànàmáná tó máa ń rọra se nǹkan látàárọ̀ ṣúlẹ̀ kì í gbóná tó. Má gbé e síbẹ̀ láìjẹ́ pé o ti bọ̀ ọ́ lórí iná gidi.

Ife ẹ̀wà gbígbẹ kan ń di bí ife mẹ́ta tó bá jinná, ìrẹsì náà bẹ́ẹ̀. Ife ẹ̀wà kan àbọ̀ àti ife ìrẹsì méjì ti tó ọ lọ.

Wàyí o, ìrẹsì. Nígbà tí mo ṣì jẹ́ àpọ́n, mo sè é ní alẹ́ Àìkú kan, mo dé e pa, mo fi í sílẹ̀ lórí sítóòfù, mo lọ sùn. Ní òwúrọ̀ mo bù ú sínú abọ́, mo gbé e lọ síbi iṣẹ́, mo sì tún un gbé kaná títí èéfín fi ń jáde lára rẹ̀. Kò rùn, kò yọ̀, ó dùn lẹ́nu. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti bì lẹ́ẹ̀mẹrin, ẹni tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú mi délé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Bacillus cereus, tó máa ń fara pamọ́ sínú ìrẹsì bí irúgbìn. Iná kì í pa irúgbìn yẹn. Bí ìrẹsì bá wá wà ní lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí púpọ̀, yóò jí, yóò bí sí i, yóò sì tu májèlé tí iná ẹlẹ́ẹ̀kejì ò lè rí nǹkan ṣe sí. Gbogbo èéfín tí mo rí lọ́jọ́ náà, ó kàn ń tàn mí ni.

Nítorí náà, bó bá ti jinná, má dé e. Tẹ́ ẹ sórí tíréè kó fẹ́lẹ́, fi ṣíbí tú u ká, jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Kí wákàtí kan tó pé, kó ti wọ firíìjì tàbí fírísà. Kò dìgbà tó bá tutù nini. Ti ọjọ́ Ajé nìkan ni mo máa ń fi sí firíìjì, mo ń di ìyókù sínú fírísà ní ìwọ̀n ìjẹ ẹ̀ẹ̀kan. Ẹ̀wà ṣe é fi sí firíìjì fún ọjọ́ mẹ́ta, tí firíìjì náà bá tutù dé 4°C, torí náà ti Ọjọ́bọ̀ àti Ẹtì náà, fírísà ni ibùgbé wọn. Gbé ti ọ̀la bọ́ sí firíìjì lálẹ́, má gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì. Bó o bá fẹ́ gbé ìrẹsì kaná, wọ́n omi ṣíbí kan sí i, dé e, kó gbóná débi tí o ò ní lè fi sẹ́nu lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí o gbé e kaná. Bí ìrẹsì bá sú ọ, ọkà bàbà tàbí bálì ṣe é lò. Wọ́n máa ń pẹ́ kí wọ́n tó jinná, àmọ́ fírísà kì í bà wọ́n jẹ́.

Ìgò mẹ́ta ni mo ń ní. Àkọ́kọ́, ẹ̀pà lílọ̀ tí mo fi omi lẹ́mọ́ọ̀nù àti ata pò. Èkejì, àlùbọ́sà tí mo dín nínú òróró títí ó fi pọ́n. Má kánjú rẹ̀, iná kékeré ló fẹ́. Ẹ̀kẹta, tòmátì àti ata tí mo dín gbẹ. Má lo ìgò kan náà lọ́jọ́ méjì tó tẹ̀ léra. Kábéèjì àti kárọ́ọ̀tì tí a rẹ́ wẹ́wẹ́ lè wà títí di Ọjọ́rú, àmọ́ àárọ̀ ọjọ́ náà ni kí o gé kùkúńbà, omi ló pọ̀ nínú rẹ̀. Kó àwọn tútù sínú abọ́ tiwọn, kí o má baà gbé wọn kaná pẹ̀lú ìyókù.

Bí ìyá rẹ bá tún pè ọ́ pé o fẹ́ gbẹ, sọ fún un pé èròjà purotéènì tí ọkà kò ní tó, ẹ̀wà ní i, èyí tí ẹ̀wà kò ní tó, ọkà ní i. Lẹ́mọ́ọ̀nù inú ìgò àkọ́kọ́ ń ran ara lọ́wọ́ láti gba èròjà irin inú ẹ̀wà. Tíì lẹ́yìn oúnjẹ ló ń dí i lọ́wọ́, sún un síwájú ní wákàtí kan. Ohun kan ni ìyá rẹ jàre lé lórí: bó o bá pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì pátápátá, ẹ̀wà kò ní fítámì B12, oògùn ni wàá máa fi gba tìrẹ.

Bó o bá rí ìgò kẹrin, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi. Ti ẹ̀pà yẹn ti ń sú èmi náà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.