Lẹ́tà sí Lànre: ohun tó kù ní Altadena

Lànre ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? O ní kí n sọ èyí tó kù fún ọ nínú àwọn ibi tó o mọ̀ ní Altadena, ìlú tó wà lẹ́bàá Los Angeles ní California, lẹ́yìn iná igbó Eaton.

Àwọn igi deodar ojú títì Santa Rosa, tí wọ́n ti ń tan iná Kérésì sí láti ọdún 1920, wà níbẹ̀. Ilé ìkàwé ńlá tó wà ní Mariposa kò jó. Ṣùgbọ́n Altadena Hardware, ìsọ̀ irinṣẹ́ tó wà ní Mariposa yẹn kan náà, jóná. Ilé oúnjẹ Fox's jó, Bunny Museum tí wọ́n ń kó ohun tó jẹ mọ́ ehoro sí jó, bẹ́ẹ̀ náà ni Masjid Al-Taqwa, Altadena Community Church àti ilé tí Andrew McNally, ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń tẹ máàpù, kọ́ ní ọdún 1887. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025 ni iná Eaton ti bẹ̀rẹ̀. Ilé àti ìsọ̀ tó jó lé ní 9,000, èèyàn 19 ló sì bá a lọ. Ìwọ̀ oòrùn Lake Avenue, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti ra ilé nígbà tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n rà níbòmíràn, ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn kú sí. Aago mẹ́ta òru ti kọjá kí wọ́n tó pàṣẹ pé kí àwọn ará ibẹ̀ sá. Èyí ló ń dùn mí jù.

Altadena kò ní méyọ̀, County Los Angeles ló ń ṣàkóso rẹ̀. Town Council (ìgbìmọ̀ ìlú) wọn kò lè ju kó gbani nímọ̀ràn lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì, mọ́sálásí àti ìsọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń rí ara wọn. Omi pàápàá, ilé iṣẹ́ kéékèèké mẹ́ta ló ń fún wọn: Lincoln Avenue, Las Flores àti Rubio Cañon, àwọn onílé fúnra wọn ló sì ni wọ́n. Bí ilé kan bá ti jó, páìpù inú rẹ̀ á bẹ́, omi á máa tú dànù. Kí ilé ẹgbẹẹgbẹ̀rún jó lẹ́ẹ̀kan náà, agbára omi á lọ sílẹ̀, páìpù abẹ́ ilẹ̀ á sì fa èéfín àti oró ike tó yọ́ wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni benzene, kẹ́míkà olóró kan, ṣe dénú omi. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má mu ún, kí wọ́n má sì sè é, torí sísè kàn ń sọ benzene di afẹ́fẹ́ téèyàn á fà símú ni. Ṣíṣàn páìpù léraléra àti yíyẹ omi wò ló yanjú ẹ̀. Las Flores ló pẹ́ jù. Gbèsè ló wá kù: ilé tó jó kò lo omi tí wọ́n á gba owó rẹ̀, iye tí wọ́n fi ń tún páìpù ṣe kò sì dín.

Bá mi sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ tó ṣì ní ilẹ̀ níbẹ̀: bí Army Corps, ẹ̀ka onímọ̀ ẹ̀rọ ológun Amẹ́ríkà, bá tilẹ̀ ti kó eérú àti iyẹ̀pẹ̀ ínṣì 6 lórí ojú ìpìlẹ̀ ilé, wọn kò yẹ ilẹ̀ tó kù wò. Kí ẹ̀gbọ́n bu iyẹ̀pẹ̀ òkè ní ojú ibi mélòó kan, pàápàá lẹ́yìn ilé, kí wọ́n fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ òjé (lead), irin olóró, wò kí wọ́n tó gbin ewébẹ̀. Ọ̀dà ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1978 sábà máa ń ní òjé.

Bí wọ́n bá fẹ́ kọ́lé, kí wọ́n mọ̀ pé ẹyin iná tí afẹ́fẹ́ gbé wá ló máa ń sun ilé jù, kì í ṣe ọwọ́ iná. Ihò afẹ́fẹ́ abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé. Kí nẹ́ẹ̀tì irin tí wọ́n máa fi dí i má ní ojú tó ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ínṣì lọ. Kí wọ́n má sì jẹ́ kí igi, koríko gbígbẹ tàbí ọgbà onípákó sún mọ́ ògiri tó ẹsẹ̀ bàtà 5. Kọńtírátọ̀ máa ń fojú kéré èyí tó gbẹ̀yìn yìí.

Bá mi kí ìyàwó àtàwọn ọmọ. Kọ̀wé sí mi tí ẹ̀gbọ́n bá ti fèsì.

Èmi ni,
Dámọ́lá