Àwòrán wo ló kẹ́yìn? Ìbéèrè mi fáwọn ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà wa

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà wa níbí, láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́, ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, torí ó ti ń ká mi lára tipẹ́. Àwọn tó ń kọ́lé, tó ń jó irin, tó ń ri páìpù, wọ́n mọṣẹ́ wọn dáadáa, àmọ́ ẹ débẹ̀ kẹ́ẹ béèrè pé èwo ló kẹ́yìn nínú àwọn àwòrán tẹ́ẹ fi ń ṣiṣẹ́ yìí, kò ní sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn lójú ẹsẹ̀.

Bó ṣe máa ń rí ni pé ẹni tó gbéṣẹ́ fún wọn á pè lórí fóònù pé òun fẹ́ kí yàrá kan fẹ̀ sí i, ẹnjiníà á tún un yà, á fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sẹ́ni méjì, ẹni kẹta tó wà ní sáìtì ò ní rí i torí dátà ti tán lórí fóònù ẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ fún un lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ká sápò, òun náà ló sì fi ń wọn irin. Nínú kọ̀ǹpútà ọ̀gá ẹ̀wẹ̀, fáìlì kan ń jẹ́ final, òmíràn ń jẹ́ final 2, kò sí déètì, kò sí nọ́ńbà.

Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, wọ́n ti gé irin ẹsẹ̀ táǹkì omi tán kí wọ́n tó mọ̀ pé ìwọ̀n ti yí padà. Ẹnjiníà sọ fún mánéjà, mánéjà rò pé àwọn wẹ́dà ti gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ fún wọn. Lára owó iṣẹ́ àwọn wẹ́dà yẹn ni wọ́n ti yọ owó irin o! Ó dùn mí dọ́kàn, torí ohun tó wà nínú ìwé tí wọ́n gbé lé wọn lọ́wọ́ náà ni wọ́n ṣe.

Ẹ má sì jẹ́ ká rò pé àìní kọ̀ǹpútà ló fà á. Lọ́dún 1999, NASA, àjọ tó ń rí sọ́rọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, pàdánù Mars Climate Orbiter, ọkọ̀ tí wọ́n rán lọ sí pílánẹ́ẹ̀tì Mars, torí sọ́fítíwíà Lockheed Martin, ilé-iṣẹ́ tó bá wọn ṣiṣẹ́, ń fi páùn ṣírò agbára ẹ̀rọ náà, NASA sì ń kà á bíi pé newton, ìwọ̀n míì tí kò bá páùn dọ́gba, ni. Ní 2006, Airbus náà kéde pé ọkọ̀ òfuurufú A380 máa pẹ́ jáde, torí sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń yàwòrán ní Hamburg ní Jámánì àti èyí tí wọ́n ń lò ní Toulouse ní Faransé kì í ṣe ẹ̀yà kan náà, ìgbà tí wọ́n wá fẹ́ to wáyà sínú ọkọ̀, wáyà ò bá àyè mu. Ilé-iṣẹ́ tí ò bá lè sọ ẹni tó láṣẹ láti yí ìwọ̀n padà, kò sí sọ́fítíwíà olówó gọbọi tó máa bá wọn sọ ọ́.

Nóòtù ńlá kan tó fún ìbẹ̀rẹ̀. Kí gbogbo àwòrán ní nọ́ńbà, kí èyí àkọ́kọ́ jẹ́ A, tí wọ́n bá yí i padà kó di B, kí wọ́n kọ déètì, ẹni tó yí i, ẹni tó fọwọ́ sí i, kí ẹni tó gbà á náà sáìn. Ẹni tó bá gbé B lọ sí sáìtì gbọ́dọ̀ gba A padà bọ̀, ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń kùnà gan-an nìyẹn. Àyípadà orí fóònù, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan kan. Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà ẹnjiníà nìkan ni gbogbo ẹ̀ wà, tó bá japa lọ́la ńkọ́? Àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH tó ń wá ṣe IT, ìyẹn kíkọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́, lọ́dọ̀ wa, oúnjẹ là ń rán ọ̀pọ̀ wọn lọ rà, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè bá wa to gbogbo àwòrán àtijọ́ sórí kọ̀ǹpútà kí IT wọn tó parí.

Ibi tó wá le jù ni àwòrán bí iṣẹ́ ṣe parí gan-an, èyí táwọn ẹnjiníà ń pè ní as-built. Àpáta lè dí páìpù lọ́nà, kí wọ́n yí i gba òdìkejì títì, tí wọn ò bá yà á sílẹ̀, ẹni tó bá wá gbẹ́ gọ́tà níbẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan á bẹ́ páìpù yẹn, omi á máa ṣòfò nílẹ̀, àwọn ìyá wa á tún máa gbé kẹ́ẹ̀gì kiri àdúgbò. Òfin Public Procurement tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2007 ní kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe gbé kọ́ńtíráàtì jáde fún ọdún 10, nínú fáìlì àti lórí kọ̀ǹpútà. Ó yẹ ká lè tọ́jú àwòrán ohun tá a rì mọ́lẹ̀ náà.

Torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán àwọn oníròyìn yín lọ bi ilé-iṣẹ́ tó ń rí sí iṣẹ́ òde nípìnlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtàwọn káńsù wa: kí wọ́n tó san owó ìkẹyìn fún kọ́ńtírátọ̀, ṣé wọ́n máa ń gba àwòrán yìí lọ́wọ́ ẹ̀? Ibo ni wọ́n ń kó o sí? Ẹ bá wa tẹ èsì wọn jáde.

Èmi òǹkàwé yín,
Òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ irin, Ògbómọ̀ṣọ́