Lẹ́tà sí Bọ́sẹ̀: ohun tí mo gbọ́ ní Arewa House

Kakuri, Kaduna

Bọ́sẹ̀ ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀kun o! Ṣé àlàáfíà ni ìwọ àti bàbá àwọn ọmọ wà? Òtútù Winnipeg ńkọ́? Ọlọ́run á máa bá wa ṣọ́ yín. Ara gbogbo wa le níbí. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò fẹ́ sọ lórí fóònù, torí ó gùn, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà á.

O mọ Arewa House, ilé Sardauna, ìyẹn Ahmadu Bello tó jẹ́ olórí ìjọba Àríwá, tó wà ní Rabah Road. Ẹ̀gbẹ́ ògiri rẹ̀ la máa ń gbà kọjá nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa pé a lè wọlé. Wọ́n máa ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀ fún gbogbo ayé, wọn kì í gba kọ́bọ̀. Kò sẹ́ni tó máa bi ẹ́ pé ìwé mélòó lo kà tàbí pé ta ló pè ọ́. Wàá kọ orúkọ rẹ sínú ìwé lẹ́nu ọ̀nà, wàá wá àga, wàá jókòó. Èmi télọ̀ jókòó ti ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀gbẹ́ mi kejì sì ni ọmọkùnrin kan tó ń gun ọ̀kadà wà.

Àwọn ará wa míì níbí máa ń sọ pé ìtàn Hausa ni wọ́n ń sọ níbẹ̀, kí ló kàn wá. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí. Inú ilé yẹn ni wọ́n ti pa Ahmadu Bello lóru ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966. Ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni Akíntọ́lá, olórí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, wọ ọkọ̀ òfuurufú wá bá a ní Kaduna, ó padà sí Ìbàdàn, òru kan náà ni wọ́n pa àwọn méjèèjì. Ní Kaduna níbí kan náà ni wọ́n ti pa Ademulegun tòun tìyàwó rẹ̀, wọ́n sì pa Shodeinde, ọ̀gá ológun tó jẹ́ ọmọ Yorùbá làwọn méjèèjì. Ṣé ìtàn Hausa nìyẹn? Nígbà tí wọ́n sì sọ ilé náà di ibi ìwádìí ìtàn ní 1970, Abdullahi Smith tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe olórí rẹ̀, òyìnbó ni, Yunifásítì Ìbàdàn ló sì ti kọ́ni kó tó gba Zaria lọ. Láti 1975 ló ti wà lábẹ́ Yunifásítì Ahmadu Bello.

Èyí tó mú mi kọ lẹ́tà yìí gan-an ni pé mo rí i lára pátákó pé ọ̀rọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ Kaduna ni wọ́n fẹ́ sọ. Bọ́sẹ̀, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ni ní Zaria ló sọ̀rọ̀, kò tíì pé ogójì ọdún lójú mi, ó sì mọ ohun tó ń sọ. Ó ní òwú tí wọ́n ń gbìn ní agbègbè Zaria àti Katsina, ọkọ̀ ojú irin ló ń gbé e lọ sí Èkó, ó di ìlú òyìnbó, kó tó tún padà wá bá wa bí aṣọ títà. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Àríwá fi bá David Whitehead, ilé iṣẹ́ aṣọ kan ní Lancashire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, da owó pọ̀, tí Kaduna Textiles fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957. United Nigerian Textiles tẹ̀ lé e ní 1964, àwọn tó kù náà sì ń dé ọ̀kọ̀ọ̀kan títí Kakuri fi kún. Ó fi àwòrán hàn wá lára ògiri: àwọn ọkùnrin tó tò lọ lẹ́nu géètì láàárọ̀, kúlà oúnjẹ lọ́wọ́ oníkálukú. Mo ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bóyá mo lè rí bàbá mi tàbí bàbá tìẹ.

Àsìkò ìbéèrè ló wá gbádùn jù. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó ní ahunṣọ lòun jẹ́, òun sì ti ṣe síftì òru fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó ní bí fọ́nrán òwú kan bá já, ẹ̀rọ á dúró fúnra rẹ̀, ẹni tí kò bá sì lè so ó kíákíá, aṣọ rẹ̀ ò ní pé ìwọ̀n tí wọ́n ń retí. Ló bá fa òwú kan yọ létí bùbá rẹ̀, ó já a sí méjì, ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá so ó padà. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti parí. Olùkọ́ náà fi máíìkì sílẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá a, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe,” ó sì gbé fóònù sókè láti ká a sílẹ̀. Bàbá tún un ṣe. Ó ní ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí àwọn gbọ́ ara àwọn, ọwọ́ àti ẹnu ni àwọn fi ń ṣàpèjúwe, òun ló sì fà á tí àwọn ò fi gbọ́ràn dáadáa mọ́. Kò sí ìkankan nínú èyí nínú ìwé tí olùkọ́ yẹn kó wá, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀. Òun gan-an ni mo fi fẹ́ràn ibẹ̀. Torí pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ tí kò sì sówó sísan, àwọn tí ọ̀rọ̀ ṣojú wọn lè wọlé wá bá ọ̀mọ̀wé sọ ọ́. Ká ní wọ́n gba owó lẹ́nu ọ̀nà ni, bàbá yẹn ò ní sí níbẹ̀.

Ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú náà sọ̀rọ̀, pé títí ọkọ òun fi kú, kò rí owó àjẹmọ́nú rẹ̀ gbà. Kì í ṣe ibẹ̀ ni wọ́n ti lè sanwó fún un, ṣùgbọ́n wọ́n gba orúkọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀ka tó ti ṣiṣẹ́, àti ọdún tó wọlé. Olùkọ́ náà ní orúkọ àwọn ọ̀gá pọ̀ nínú ìwé, ti àwọn òṣìṣẹ́ ló ṣòro rí. Ó dáhùn nípa bí àwọn ilé iṣẹ́ yẹn ṣe kógbá wọlé náà: iná tí kò dúró, epo dúdú tó wọ́n, aṣọ fàyàwọ́ tó kún ọjà. Èyí ò ṣàjèjì sí wa.

Èmi náà dìde. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ ìtàn aṣọ wa láti 1957. Mo sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ àwọn tó wá ṣiṣẹ́ ní Kakuri, láti Kabba Province ni wọ́n ti wá, ìyá wọn sì ti ń hun aṣọ lórí òfì ìdúró nílé kí ẹ̀rọ tó dé. Mo sọ nípa aṣọ ipò tiwa ní Bùnú, tí wọ́n ń lò níbi ìsìnkú àwọn olóyè, pé òwú pupa inú rẹ̀, ara bùláńkẹ́ẹ̀tì ọsibítù ni àwọn ìyá wa ti ń tú u ní fọ́nrán fọ́nrán kí wọ́n tó hun ún. Ojú olùkọ́ náà là. Ó ní ta ló wà láyé tó ṣì mọ iṣẹ́ náà?

Màmá rẹ ni mo dárúkọ.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún rèé. Àpótí bàbá rẹ ṣì wà ní yàrá Màmá ní Kabba, a jọ rí i nígbà ìsìnkú: káàdì ìdánimọ̀ rẹ̀, àwọn ìwé owó oṣù, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n fún un, àti fọ́tò àwọn ará síftì rẹ̀. Mo fẹ́ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún Ìleyá, tí iṣẹ́ rírán bá dínkù. Mi ò ní gba ìwé kankan lọ́wọ́ Màmá láìjẹ́ pé o sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Arewa House ní àwọn lè ṣe ẹ̀dà kí wọ́n dá ojúlówó padà. Mo sì fẹ́ ká ohùn Màmá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ aṣọ híhun, kí wọ́n fi èdè wa sọ ọ́ bí ó bá ṣe rọ̀ wọ́n lọ́rùn, èmi á túmọ̀ rẹ̀. Ìwọ ni àkọ́bí, wọn ò ní dá mi lóhùn tí o ò bá kọ́kọ́ bá wọn sọ̀rọ̀. Pè wọ́n lọ́jọ́ Sunday lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà yẹn lara wọn máa ń balẹ̀, kí o sì bi wọ́n bóyá kọ́kọ́rọ́ àpótí náà ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Kí bàbá àwọn ọmọ fún mi, kí o sì kí àwọn ọmọ. Mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fúnmi