Elégbè ta ni wọ́n ń pe àwọn Lijadu?

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín, torí inú ń bí mi, bí mi ò bá sì sọ ọ́ síta, oorun ò ní kun ojú mi. Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo gbọ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò, nínú ètò tí wọ́n ní àwọn fi ń rántí orin àtijọ́. Ó gbé orin Lijadu Sisters sí i, ó wá ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbọ́ òun mọ̀ pé àwọn obìnrin méjì tó máa ń gbè fún Fela láyé ọjọ́un nìyẹn. Ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Orin náà ò tíì dé ìdajì tó fi pa á, ó bọ́ sórí ìpolówó ọjà.

Elégbè ta ni? Ṣé Táíwò àti Kẹ́hìndé Lijadu ni wọ́n wá di elégbè lẹ́nu ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà tí wọ́n ń gbé àwo jáde? Mo pe nọ́ńbà tí wọ́n kà fún wa títí kí wọ́n tó gbé e. Ọmọ tó dá mi lóhùn ní, "Ẹ má bínú, Bàbá, orin àtijọ́ ṣáà ni, ta ló fẹ́ yẹ ìyẹn wò?" Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló mú mi gbé bírò.

Ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó wà nílẹ̀. Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá ọdún 1948 ni wọ́n bí àwọn ìbejì yìí ní ìlú Jos. Òótọ́ ni pé ìbátan Fela ni wọ́n. Òótọ́ tún ni pé nígbà tí wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n máa ń lọ gbè fún àwọn olórin mìíràn ní sítúdíò. Olórin wo ni ò bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan? Kí 1970 tó pé, wọ́n ti ṣe àwo tiwọn ní ilé-iṣẹ́ àwo Decca. Ní 1972, Ginger Baker, onílù ọmọ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, mú wọn mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Salt, wọ́n sì jọ lọ kọrin ní Munich ní Jámánì lásìkò ìdíje Òlíńpíìkì. Láti 1976 dé 1979, àwo ńlá mẹ́rin ni wọ́n gbé jáde lábẹ́ ilé-iṣẹ́ àwo Afrodisia, ọdún kan, àwo kan: Danger, Mother Africa, Sunshine, Horizon Unlimited. Orúkọ tiwọn ló wà lára páálí, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń kọ orin wọn. Biddy Wright tó máa ń bá wọn lu gìtá àti àwọn ohun èlò mìíràn, alábàáṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe ọ̀gá wọn. Láyé ìgbà yẹn, lójú ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣòwò orin, kí obìnrin jó lẹ́yìn kí ọkùnrin kọrin níwájú ló tọ́. Àwọn méjì yìí jókòó síwájú, wọn ò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ra Danger. Kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Òun nìkan ló máa ń yọ ọ́ nínú páálí, á fi etí aṣọ nù ún, á gbé abẹ́rẹ́ lé e jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun sùn. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ rán aṣọ kan náà, wọ́n wé gèlè kan náà, wọ́n á dúró síwájú dígí, ìjà á wá dé: ta ni Táyé, ta ni Kẹ́hìndé? Ẹni tó bá jẹ́ Táyé ló ní ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ lanu. Àwa ọkùnrin tí a jókòó sẹ́yìn, iṣẹ́ tiwa ni láti dá wọn lẹ́jọ́, a ò sì jẹ́ dá ẹjọ́ náà bó ṣe yẹ kó tán.

Ohùn wọn ni mi ò rí irú rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe pé ọ̀kan ń kọrin kí èkejì máa tẹ̀ lé e. Wọ́n á jọ gbéra, wọ́n á jọ rọra tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, níbi tí ẹ bá sì ti rò pé ẹnì kan ṣoṣo ni, wọ́n á pínyà díẹ̀, ọ̀kan á lọ sókè, ẹ óò wá mọ̀ pé méjì ni wọ́n látìbẹ̀rẹ̀. Gìtá á máa ké lábẹ́ rẹ̀, dùùrù á máa dá a lóhùn, ìlù ilé wa á sì wà níbẹ̀ tí kò jẹ́ kí ẹ gbàgbé ibi tí orin ti wá. Wọ́n kọ ọ́ ní Yorùbá, wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, kò sí èyí tó wúwo lẹ́nu wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ sọ fún mi pé orin inú Mother Africa lòun fi ń rẹ àwọn ìbejì òun lẹ́kún. Òmíràn, ọmọ bárékè, ní níbi ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n òun, àwọn sójà ò jẹ́ kí ẹni tó ń lo gramafóònù yí àwo wọn padà, ojú àwo kan náà ni wọ́n ń jó sí títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ẹ bá dárúkọ wọn láàárín àwa tí a ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ojú gbogbo ènìyàn ló máa ń yí padà.

Wọn ò sì fi orin wọn ṣe fàájì nìkan. Nínú Danger yẹn kan náà ni orin tó ń jẹ́ Cashing In wà, èyí tó ń bá àwọn tó ń kó owó ìlú jẹ wí. Ọdún 1976 mà ni, àwọn ológun ló wà lórí àléfà. Àwọn ọmọbìnrin tí wọn ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún ló dúró tí wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ wá sọ fún mi, elégbè ta ni ẹni tó bá ṣe irú ìyẹn?

Ohun tó dùn mí jù rèé. Ìran tó ń bọ̀ mọ P-Square, wọ́n mọ̀ pé ìbejì ni, wọ́n mọ ìgbà tí wọ́n jà àti ìgbà tí wọ́n parí ìjà. Mi ò bínú sí ìyẹn, àwọn náà dára láyè tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n léèrè ìbejì tó ti kọrin kárí ayé kí wọ́n tó bí àwọn wọ̀nyẹn, wọ́n á máa wo yín lójú. Kí ni wọ́n á ti gbọ́? Níbo ni wọ́n á ti rí i? Ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, Knitting Factory, ló tún àwọn àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀ láàárín 2011 sí 2012. Òyìnbó tó ya fíìmù nípa orin ilẹ̀ wa ní òpin àwọn ọdún 1970 ló gbé kámẹ́rà dé ọ̀dọ̀ wọn, ìyẹn la ṣì fi ń rí ojú wọn nígbà ọ̀dọ́. Nígbà tí èmi fúnra mi ń wá Horizon Unlimited, mo wá a títí nílẹ̀ yìí, ọmọ mi tó wà lókè òkun ló wá rà á fún mi, ó sì fi ránṣẹ́ bí ẹni tó ń fi oògùn ránṣẹ́. Orin tí wọ́n ṣe lójú wa, ní èdè wa, ẹrù òkè òkun ló dà!

Àwọn aláṣẹ wa ńkọ́? Wọ́n wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n máa ń wọ agbádá lọ síbi àpérò àṣà, tí wọ́n á ka ìwé tí ẹlòmíràn kọ fún wọn pé àṣà wa kò gbọdọ̀ kú. Ẹ lọ wo yàrá tí wọ́n ń kó àwo sí ní ilé-iṣẹ́ rédíò ìjọba kan tí ọ̀rẹ́ mi ti ṣiṣẹ́ rí. Ó ní òjò ń ti òrùlé wọlé, àwọn àwo dùbúlẹ̀ lórí ara wọn nínú ooru títí wọ́n fi wọ́, àwọn téèpù ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, bí ẹ bá fà á, ohùn á ṣí kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá tuntun dé tó fẹ́ àyè fún ọ́fíìsì, wọ́n kó apá kan dà sẹ́yìn ọgbà. Owó ọ́fíìsì yẹn wà o, owó ẹ̀rọ amúlétutù inú rẹ̀ náà wà. Bẹ́ẹ̀, òdì kejì ìlú ni kọmíṣánnà ń gbé mọ́tò fún ẹni tó jáwé olúborí níbi ìdíje kan tí wọ́n ti ń wẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọjọ́ 9 oṣù Kọkànlá ọdún 2019, Kẹ́hìndé kú sí Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń gbé láti àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn ló ti ṣubú lórí àtẹ̀gùn tó fi ẹ̀yìn ṣèṣe gan-an, ìdí pàtàkì kan nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi gbúròó wọn mọ́. Nígbà tó kú, àwọn ọ̀gá wa kọ ọ̀rọ̀ ìdárò, wọ́n pè é ní ìràwọ̀. Mo ní lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n á ṣe nǹkan. Mo ṣì ń dúró. Nígbà tí ẹni tó yẹ kó sọ ìtàn bá dákẹ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tí kò mọ nǹkan kan ló máa sọ ọ́, ó sì ti sọ ọ́: elégbè ni wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe kò le. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi àwọn agùnbánirọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tó ti pẹ́, láti da gbogbo àwo àti téèpù tó wà níbẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ tó kàwé nípa ilé ìkàwé wà láàárín wọn, àwọn tó mọ kọ̀ǹpútà pọ̀ bí iyanrìn, ìdí tábìlì ìkọ̀wé ni wọ́n ń kó wọn lọ jókòó sí tí wọ́n ń sùn. Ẹ̀rọ gramafóònù tó dára kan, abẹ́rẹ́ tuntun, kọ̀ǹpútà kan, àti yàrá tí kò gbóná, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n fi omi tó mọ́ àti aṣọ tó rọ̀ fọ àwo kí wọ́n tó lù ú, kí wọ́n má gbé abẹ́rẹ́ lé eruku. Kí wọ́n má fi í pamọ́ ní irú MP3 tí wọ́n ti fún pọ̀ tó ti sọ apá kan ohùn dànù, kí wọ́n gbà á sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, ní WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn kúrò. Kí wọ́n ya àwòrán páálí níwájú àti lẹ́yìn, torí ẹ̀yìn páálí ni orúkọ onígìtá àti onílù máa ń wà, àwọn ni a sì máa ń kọ́kọ́ gbàgbé. Kí ẹ̀dà méjì wà ní ìlú méjì, kí iná má baà jó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n ṣe é ní àṣẹ pé sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan kò gbọdọ̀ lu orin àtijọ́ kí ó má dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ àti ọdún tó jáde, bó ṣe wà lára páálí náà gẹ́lẹ́. Bí wọ́n bá ti ń ṣe èyí tẹ́lẹ̀ ni, ta ni ìbá pe Táíwò àti Kẹ́hìndé ní elégbè?

Wọ́n lè ní kò sí owó. Mo ti sọ nípa mọ́tò ná. Òfin ti ní kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí ilé ìkàwé ìjọba àpapọ̀, kí irú ọwọ́ tí wọ́n fi mú ìwé náà kan àwo orin.

Ọ̀rọ̀ owó tó yẹ olórin náà wà níbẹ̀. Lábẹ́ òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, ẹ̀tọ́ orí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò ju 50 ọdún lẹ́yìn ọdún tó jáde. Ti Danger, ìparí 2026 ni. Ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin ní tirẹ̀ ń bẹ títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, nítorí náà kí àwọn tó ń lù ú lórí rédíò máa san ohun tó yẹ. Kí wọ́n fi orúkọ Táíwò àti Kẹ́hìndé sọ òpópónà kan ní Èkó. Kí wọ́n máa kọ́ àwọn ọmọ ní orin wọn nílé ẹ̀kọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ti kú, ṣùgbọ́n Danger àti Sunshine rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi, kò sí ìlà kankan lára wọn, páálí Sunshine nìkan ló ya létí. Bí ilé-iṣẹ́ rédíò kankan bá ṣetán lóòótọ́, kí wọ́n wá gbà wọ́n yá lọ́dọ̀ mi. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí mo dárúkọ iṣẹ́ wọn lókè náà ní tiwọn, wọ́n sì ti ní àwọn á gbé e sílẹ̀. Àmọ́ kí ẹni tó ń bọ̀ mú ìwé àdéhùn tí wọ́n ti fọwọ́ sí dání, kí ọjọ́ tí wọ́n á dá a padà sì wà nínú rẹ̀, torí èmi mọ̀ wọ́n.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olólùfẹ́ Orin Àtijọ́,
Ìbàdàn.