Ẹ Wá Ọ̀nà Omi Ná, Kí Ẹ Tó Fi Balùwẹ̀ Kún Ilé

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín. Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ni mo bá wá. Bí èèyàn bá ń fa ilé gùn, ó sábà máa ń fi balùwẹ̀ kan sí i, mi ò sì fẹ́ kí ojú ẹlòmíì rí ohun tí ojú wa rí.

Àwa mẹ́fà là ń lo balùwẹ̀ kan ṣoṣo tẹ́lẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ni ín, àwọn tó kù á máa kanlẹ̀kùn. Nígbà tí orúnkún wá ń yọ ìyá ọkọ mi lẹ́nu, tí wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa, ó di dandan ká wá nǹkan ṣe. Wọn ò lè dúró kí ọmọdé wẹ̀ tán, wọn ò sì lè yára lóru. La bá ní ká kọ́ yàrá kan fún wọn lẹ́yìn ilé, kí balùwẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ilẹ̀ méjèèjì dọ́gba, kí wọ́n má máa gbẹ́sẹ̀ sókè rárá.

Bíríkìlà la kọ́kọ́ pè. Ó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó to búlọ́ọ̀kù, ó da kọ́ńkéré sílẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́. Ó di ìgbà tí òrùlé wà lórí ilé ká tó pe pílọ́ńbà. Ó wọn ilẹ̀ láti ibi tí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì máa wà dé ojú mánhóòlù, ìyẹn ihò tí páìpù ìdọ̀tí ilé ń já sí, ó jẹ́ mítà 8. Páìpù oní-ínṣì 4 tó ń gbé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa rẹlẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ìwọ̀n tó dáa ni kó fi sẹ̀ǹtímítà 1 rẹlẹ̀ nínú sẹ̀ǹtímítà 40 kọ̀ọ̀kan. Bí a bá ṣírò rẹ̀ lórí mítà 8, sẹ̀ǹtímítà 20 ni. Sẹ̀ǹtímítà 5 péré la ní, torí ilẹ̀ tuntun yẹn ti lọ sílẹ̀ jù. Ó mi orí, ó ní òun á ṣá ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwa náà gbà, ojú ń kán wa.

Oṣù mẹ́ta ò pé. Omi ń lọ, ìdọ̀tí ń jókòó sínú páìpù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo da omi sí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì yẹn, omi bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀. Ó dé etí rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó dúró, kò dà sílẹ̀, kò sì lọ. Ìyá wà lẹ́yìn mi, wọ́n di férémù ilẹ̀kùn mú. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ṣé èmi ni mo bà á jẹ́?" Ohùn yẹn ò tíì kúrò létí mi.

A fọ́ táìsì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́. Ọ̀nà kan tó kù ni ká gbé ilẹ̀ balùwẹ̀ ga ní sẹ̀ǹtímítà 15. Páìpù ń ṣiṣẹ́ dáadáa báyìí, àmọ́ ẹsẹ̀ tí a ní kí wọ́n má gbé sókè ni wọ́n wá ń gbé yìí. A fi kọ́ńkéré ṣe ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n lè máa rìn gòkè. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ̀yin tó fẹ́ kọ́lé kún ilé, ẹ dákun, ẹ pe pílọ́ńbà kí ẹnikẹ́ni tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀. Kó ṣí mánhóòlù, kó wọn bí páìpù inú rẹ̀ ṣe jìn tó, kó wá ti ibẹ̀ ṣírò padà wá sínú ilé. Ìyẹn ló máa sọ ibi tí ilẹ̀ balùwẹ̀ máa ga dé. Bí ọ̀nà bá jìn jù, ẹ gbé balùwẹ̀ tuntun kọ ẹ̀yìn sí ti àtijọ́, kí páìpù méjèèjì sún mọ́ra, ì báà ṣe pé yàrá ò ní rí bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí.

Ẹ tún béèrè páìpù atẹ́gùn lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó ń yọrí jáde lókè òrùlé. Bí kò bá sí i, omi tí a bá dà sí tọ́ìlẹ́ẹ̀tì lè fa omi tó máa ń dúró nínú páìpù ilẹ̀ láti dí òórùn lọ, òórùn á wá gba ibẹ̀ wọlé. Kí wọ́n tó tẹ́ táìsì, kí wọ́n fi ohun tí omi ò lè gbà kọjá kun ilẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ògiri. Bó bá gbẹ, kí wọ́n dí ojú páìpù, kí wọ́n bu omi kún ilẹ̀, kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù sàmì síbi tó dé, kó wà bẹ́ẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí wọ́n wá wò ó bóyá omi ti fà kúrò lójú àmì, torí bó bá fà, ó ń jò nìyẹn. Nígbà àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún wa. Nígbà kejì, èmi fúnra mi ni mo mú pẹ́ńsùlù dání.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Síta ni kó máa ṣí. Bàbá àwọn ọmọ mi ní ó máa gba àyè nínú yàrá, mo kọ̀ jálẹ̀. Bí àgbàlagbà bá ṣubú sínú balùwẹ̀, ara rẹ̀ ló máa dí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú, ẹni tó fẹ́ gbà á sílẹ̀ á dúró síta.

Ní alaalẹ́, ìyá ṣì máa ń dúró díẹ̀ níwájú ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ yẹn, wọ́n á fọwọ́ wá ògiri kí wọ́n tó gbẹ́sẹ̀. Mo ti bá oníwẹ́dà sọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló máa bá wa kan irin ìdìmú mọ́ ibẹ̀.

Èmi ni,
Ìyàwó ilé kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín