Ṣòkòtò Yẹn Ṣì Wà Lórí Àga

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ibẹ̀ yẹn ò tíì sọ ẹ́ di yìnyín? Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé fóònù láti pè ẹ́, tí mo tún gbé e sílẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ohùn ẹ, ẹ̀rín la máa rín, ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn á sì tún padà sínú. Ló jẹ́ kí n gbé bírò.

Ọmọbìnrin mi, ọmọ ìsàmì rẹ, ò lọ sí Máàsì mọ́. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta rèé. Kò ṣàìsàn, kò sì bá Ọlọ́run jà. Ṣòkòtò ló dá a dúró sílé. Tàbí kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe rí: èmi ni.

Mò ń bá síìpù aṣọ mi jìjàkadì láàárọ̀ ọjọ́ náà (bẹ́ẹ̀ ni, mo ti sanra, pa ẹnu ẹ mọ́), mo wá bọ́ sí pálọ̀ kó lè bá mi fà á. Mo bá ṣòkòtò dúdú kan lórí àga. Ó ti lọ̀ ọ́ débi pé ìlà iwájú ẹ̀ fẹ́ gé èèyàn lọ́wọ́. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó ti de bọ́tìnnì ẹ̀ dé ọrùn. Bàtà ń dán nílẹ̀. Àbẹ̀kẹ́, èmi gan-an ò lọ aṣọ tèmi.

Mo ní kò sóhun tó jọ ọ́. Mo fi Diutarónómì 22:5 tì í, pé obìnrin ò gbọdọ̀ wọ aṣọ ọkùnrin. Ó ní láyé Mósè, ẹ̀wù gbọ̀ọ̀rọ̀ ni tọkùnrin tobìnrin ń wọ̀. Kí n tó rí èsì fọ̀, ó ti gbé Bíbélì dé, ó ṣí Ẹ́kísódù 28:42: "Mọ́mì, ẹ kà á." Ṣòkòtò ọ̀gbọ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n dá fún Áárónì àtàwọn ọmọ ẹ̀, kí ìhòòhò wọn má bàa hàn nídìí pẹpẹ. Ó ní, "Ṣé ẹ rí i, ṣòkòtò ò ṣàjèjì níbẹ̀."

Ká ní ìwọ ni, wàá ti bú sẹ́rìn-ín. Ohun tó jáde lẹ́nu tèmi ni pé, "Bó o bá máa wọ̀ ọ́, jókòó sílé." Kò bá mi jiyàn. Ó fà síìpù mi débi tó lè dé, ó sì lọ jókòó.

Mo dá lọ. Mo fi ṣáàlì bo ẹ̀yìn tó là sílẹ̀. Jákọ́bù orí kejì ni wọ́n kà lọ́jọ́ náà, ti olórùka wúrà àti tálákà aláṣọ ìdọ̀tí. Mo wo ọwọ́ mi, mo rọra yí ojú òrùka sínú àtẹ́lẹwọ́.

O mọ bí ìyá mi ṣe rí. Òfin ìjọ Kátólíìkì tọdún 1917 ló ní kí obìnrin borí nínú ìsìn, pàápàá tó bá ń lọ gba Ara Olúwa. Ìwé òfin míì jáde lọ́dún 1983, kò mẹ́nu bà á rárá. Ta ló tó bẹ́ẹ̀ láti sọ fún ìyá mi? Títí tó fi kú, ìborí kejì ò kúrò nínú báàgì ẹ̀, torí orí tó bá ṣèèṣì ṣófo. O ṣáà rántí ọjọ́ aṣọ aláwọ̀ ewé. Mi ò tíì lè wọ àwọ̀ yẹn títí dòní.

Kí n má parọ́ fún ẹ, kì í ṣe Ọlọ́run ni mò ń bẹ̀rù, àwọn ìyá tó ń jókòó lẹ́yìn wa ni. Fádà kúkú ti sọ tẹnu ẹ̀: kí aṣọ bo èjìká, kó bo orúnkún. Ṣòkòtò yẹn bo kókósẹ̀!

Ní ti ìròyìn tó kù: orúnkún mi ti fúyẹ́, ajá ti bí mẹ́rin, wọ́n ti gbé mi sí ọ́fíìsì ìsàlẹ̀, mo bọ́ lọ́wọ́ àtẹ̀gùn.

Àbẹ̀kẹ́, bá mi kọ̀wé sí i. Ìwọ lo gbé e dání lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèsàmì fún un, ó sì máa ń gbọ́ tìẹ. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ. Sọ ìtàn aṣọ aláwọ̀ ewé fún un, gbogbo ẹ̀, títí kan ibi tí mo ti sá gba ẹ̀yìn òpó jáde. Mi ò sọ ọ́ fún un rí. Jọ̀ọ́, kó tó di ọjọ́ Ìsinmi.

Ṣòkòtò yẹn ṣì wà lórí àga. Mo gbọn eruku ara ẹ̀ lánàá nígbà tí kò sí nílé, mo tún un lọ̀, mo dá a padà bó ṣe wà. Ìlà tèmi ò mú tó tiẹ̀.

Èmi ni tìẹ,
Àjọkẹ́