Lẹ́tà sí Àkànní, nípa ọ̀kẹ́ mẹ́fà

Ìbàdàn,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ẹ kú òtútù o, ìwọ àti gbogbo ará ilé. Mo rí fótò àgbàdo tí ẹ ń sun lórí gáàsì. Kò jọ àgbàdo lójú mi, ṣùgbọ́n ẹni tó wà ní Manchester, kí ló fẹ́ ṣe?

Má bínú pé mo dákẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sùn sí Àkànràn, lẹ́bàá Ìbàdàn níbí. Dọkumẹ́ńtárì Àgbẹ́kọ̀yà, àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí ìjọba nítorí owó-orí, tí mo ti ń pariwo rẹ̀ láti ọjọ́ yìí náà la ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà.

Mo ti kọ ìbéèrè kún ìwé kí n tó lọ: oògùn wo lẹ lò, ta ló ṣíwájú nígbà tí wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi ní oṣù kẹsàn-án 1969. Ogun ṣáá ni mo ń wá. Bàbá tí mo kọ́kọ́ bi ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n gbé agbádá wọ̀, wọ́n jókòó síwájú kámẹ́rà bí olóṣèlú tó fẹ́ bọ́ sórí rédíò. Wọ́n ní akọni ni Tàfá Adéoyè, olórí Àgbẹ́kọ̀yà, ìjọba ò gbọ́, àgbẹ̀ bá kọ ìyà, ó tán. Kò sí èyí tí n kò tíì kà nínú ìwé níbẹ̀. Mò ń mi orí, inú mi ò dùn.

Bátìrì bá kú. Bí ọmọ tó ń bá wa ṣe kámẹ́rà ṣe gbé e lọ sídìí jẹnẹrétọ̀ báyìí ni Bàbá bọ́ agbádá, wọ́n ní kí wọ́n bá àwọn fa agolo bisikíìtì kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Rìsíìtì owó-orí ló kún inú ẹ̀, Àkànní! Ó ti gbẹ bí ewé, wọ́n fi òwú dì í ní ọdọọdún. Wọ́n ní nígbà yẹn, tí àwọn agbowó-orí bá ká èèyàn mọ́ ojú ọ̀nà oko tí kò rí rìsíìtì mú jáde, wọ́n kó o lọ nìyẹn. Ìdí nìyẹn tí àwọn fi máa ń fi ọ̀rá wé e, tí àwọn á so ó mọ́dìí ṣòkòtò. Wọ́n so ó kí n rí i. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, síbẹ̀ kókó yẹn le.

Mo ní, "Bàbá, kí lẹ wá ń kó o pamọ́ fún títí dòní?" Ìyàwó wọn tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ló dá mi lóhùn: "Kò tíì dá wọn lójú pé àwọn èèyàn yẹn ò ní padà wá."

Kámẹ́rà ò gba ìkankan. Lọ́jọ́ kejì mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un so. Wọ́n tún un so lóòótọ́, ó wá dà bí eré orí ìtàgé. Màá yọ ọ́ kúrò.

Àmọ́ jẹ́ kí n sọ ti ọ̀kẹ́ mẹ́fà fún ọ. O mọ̀ pé ohun tí àwọn àgbẹ̀ ń pariwo nípa owó-orí nígbà yẹn ni "Ọ̀kẹ́ mẹ́fà la ó san." Ọmọ tó ń bá wa gé fíìmù, Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí o, "àpò mẹ́fà" ló kọ sísàlẹ̀; ó rò pé àpò kòkó ni! Mo jókòó tì í, mo ṣàlàyé: 20,000 owó ẹyọ ló ń jẹ́ ọ̀kẹ́ kan. Nígbà tí owó òyìnbó gbòde, wọ́n ka ọ̀kẹ́ kan sí ṣílè márùn-ún. Owó ẹyọ kúrò nílẹ̀, ẹnu àgbẹ̀ ò fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà jẹ́ ọgbọ̀n ṣílè, pọ́n-ùn kan ààbọ̀. Ó ní kí òun kúkú kọ ọ́ ní náírà. Nígbà tí náírà dé ní 1973, pọ́n-ùn kan di náírà méjì, nítorí náà náírà mẹ́ta ni. Ó wò mí títí. "Ṣé náírà mẹ́ta ni wọ́n ń tìtorí ẹ̀ kú?"

Kí ni n bá sọ fún un? Owó tí wọ́n ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn ò tó nǹkan, owó-orí sì ń gun ara wọn. Mo gbé ìbéèrè náà tọ Ìyá, ìyàwó Bàbá, lọ. Wọ́n rántí ìgbà tí Awólọ́wọ̀, tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀, wá bá wọn ní Àkànràn lóṣù kẹwàá 1969, tí owó-orí fi wálẹ̀ sí £2. Ìyá fi ọ̀bẹ ka á lórí ẹ̀gẹ́: "Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ nìyẹn. Wọ́n ṣì jẹ wá ní ọ̀kẹ́ méjì." Èyí tiẹ̀ wà nínú kámẹ́rà, mo dúpẹ́. Ibẹ̀ ni fíìmù yẹn máa ti bẹ̀rẹ̀.

Ó wá ku ohun tó jẹ́ kí n jókòó kọ lẹ́tà dípò kí n pè ọ́. Dádì yín ṣe akọ̀wé owó-orí láyé ìgbà yẹn. Ìwọ lo sọ ọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kan, o sì ní wọn kì í fẹ́ sọ ọ́. Gbogbo àwọn tí mo ti bá sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n. N kò rí ẹnì kan tó di gègé mú. Mo bi Bàbá Àkànràn bóyá inú ṣì ń bí wọn sí àwọn akọ̀wé, wọ́n ní, "Ọmọ kéékèèké ni wọ́n. Ebi ń pa àwọn náà." Tó o bá rí i pé ọkàn wọn balẹ̀, sọ ìyẹn fún wọn kó o tó bi wọ́n ní ohunkóhun. Tí wọ́n bá sì kọ̀, fi wọ́n sílẹ̀, mi ò ní bínú rárá.

Tí wọ́n bá gbà, fóònù rẹ ti tó. Gbé e sórí nǹkan kó má baà mì, gbé e ní ìbú, pa tẹlifíṣọ̀n, jẹ́ kí wọ́n jókòó síbi tí wọ́n máa ń jókòó sí. Má ṣe ní kí wọ́n wọ agbádá.

Èmi ni,
Àlàó